Bíréèkì Bàbá Ọlọ́ìlì

Ní ọjọ́ tí olóògbé Bàbá Ọlọ́ìlì gun kẹ̀kẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, àga kan ṣoṣo ló ṣófo níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ń já bọ̀ láti orí òkè àdúgbò, bàbá ń fún bíréèkì pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bíréèkì ò sì dá a lóhùn. Ó fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sọ́nà. Ó pariwo pé kí wọ́n yàgò, gbogbo èèyàn sì yà. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ nìkan ni kò rí ibi yà sí, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ti wà ní ṣíṣí sílẹ̀ láti àárọ̀. Táyà iwájú kọlu àtẹ̀wọlé, kẹ̀kẹ́ dúró síta, bàbá ò dúró. Ó fò wọlé, ó gba ẹ̀gbẹ́ oníbàárà kan tí wọ́n fọṣẹ sí lágbọ̀n kọjá, ó sì balẹ̀ sórí àga tó ṣófo yẹn, ó kọjú sí dígí.

Onígbàjámọ̀ wo bàbá, ó wo abẹ tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó tún wo bàbá.

“Bàbá, ẹ káàsán o,” ó ní. “Báwo lẹ ṣe fẹ́ ká gé e?”

Bàbá Ọlọ́ìlì fọwọ́ tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. “Rọra bù ú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì,” ó ní. “Má fọwọ́ kan àárín.” Ó sì jókòó títí wọ́n fi gé irun náà tán kó tó jáde lọ wo kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Oníbúrẹ́dì, wà nínú ilé búrẹ́dì rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè náà nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀. Bàtà ló kọ́kọ́ rí. Ó ń yọ búrẹ́dì nínú ààrò, ó gbójú sókè, ó rí bàtà ẹsẹ̀ òsì tó dùbúlẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì mọ ẹni tó ni ín. Bó ṣe sáré dé ilé onígbàjámọ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ tirẹ̀, pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́ kan àti aṣọ ìmúkòkò lọ́wọ́ kejì, bàbá rẹ̀ ni ó bá nínú dígí, tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá irun kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó fẹ́ sunkún, ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu, ìbínú sì gba àárín àwọn méjèèjì kọjá.

Ká sọ òótọ́, ọ́ìlì ló fa gbogbo rẹ̀. Títí Bàbá Ọlọ́ìlì fi fẹ̀yìntì, iṣẹ́ títún máṣíìnì ìránṣọ ṣe ló ṣe, kò sì sí àìsàn máṣíìnì tí kì í kọ́kọ́ fún ní ọ́ìlì. Bó ṣe ṣe máṣíìnì náà ló ṣe ilé. Ilẹ̀kùn, fèrèsé, sísọ́ọ̀sì, agboòrùn, gbogbo wọn ló mu ọ́ìlì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fún aago ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ náà mu, aago sì dákẹ́ láti ọjọ́ yẹn lọ. Obìnrin náà, kó tó di olóògbé, máa ń sọ pé olè lè wọ gbogbo yàrá inú ilé òun kó sì jáde láìjí ẹnì kan, nítorí pé ọkọ òun ti bá a palẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ìyàwó yìí kú, bàbá jókòó sídìí fèrèsé nínú ilé tí òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé, tó so mọ́ ilé búrẹ́dì, kò sì dìde níbẹ̀ mọ́. Oúnjẹ ò wù ú, ọ̀rọ̀ ò wù ú. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú tó jìnnà, ló fi kẹ̀kẹ́ ránṣẹ́ sí i. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí rọ́bà máa ń fún rọ́ìmù rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún gígun òkè ni, táyà rẹ̀ ki, ó sì ní àwo irin pẹlẹbẹ kan láàárín wíìlì kọ̀ọ̀kan. Irin mìíràn gbá àwo yẹn mú bí ẹnu ṣe ń gbá àkàrà mú, nínú irin náà sì ni páàdì méjì wà, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú. Téèyàn bá fún bíréèkì lókè, wáyà á fà, páàdì á gé àwo jẹ, kẹ̀kẹ́ á dúró. Bàbá ò pè wọ́n ní orúkọ kankan ju ohun tó rí lọ: àwo, ẹnu, eyín.

Kẹ̀kẹ́ yìí ló gbé e dìde nídìí fèrèsé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ọmọ rẹ̀ á wà nídìí ààrò, á gbọ́ súfèé náà tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti orí òkè, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀. Àfi ìgbà tí òjò pa kẹ̀kẹ́ náà, tí bíréèkì wá bẹ̀rẹ̀ sí í han goooro bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bàbá ò lè fara da nǹkan tó ń dún. Ó mú agolo ọ́ìlì rẹ̀, ó kán an sí àwo iwájú, ó kán an sí ti ẹ̀yìn, kò sì jẹ́ kó kéré. Ariwo náà dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bíréèkì náà bá a dákẹ́, bàbá sì gun kẹ̀kẹ́ lọ sórí òkè pẹ̀lú ayọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ onígbàjámọ̀, Ìyá Oníbúrẹ́dì ti kẹ̀kẹ́ mọ́ inú yàrá tó ń kó fúláwà sí, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ sápò épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Bàbá bẹ̀bẹ̀, kò gbọ́. Bàbá bínú, kò gbọ́. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá òun ni, agbára òun ò tíì gbé sísin bàbá nítorí kẹ̀kẹ́. Bàbá padà sídìí fèrèsé, súfèé sì dá nínú ilé.

Ohun tí obìnrin náà ò rò tẹ́lẹ̀ nìyí. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀, ó sì ń wúwo sí i lójoojúmọ́. Bó bá ń po fúláwà, á máa wo bàbá láti ẹnu ọ̀nà, á rí i pé ojú fèrèsé yẹn náà ló tún ń wò. Ẹ̀rù kẹ̀kẹ́ ń bà á, ẹ̀rù fèrèsé tún wá ń bà á ju ti kẹ̀kẹ́ lọ. Níkẹyìn ó gbé àga wá síwájú rẹ̀.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe àdéhùn. Ẹ tún un ṣe. Tó bá dá yín lójú, ẹ gbé e lọ sórí òkè, ẹ gùn ún wálẹ̀, kí ẹ dúró níwájú ilẹ̀kùn mi láìfi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Tí ẹ bá dúró, kọ́kọ́rọ́ di tiyín, mi ò tún ní sọ̀rọ̀ mọ́ láé. Tí ẹ ò bá dúró, kẹ̀kẹ́ ń padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.”

Ẹni tó bá mọ Bàbá Ọlọ́ìlì mọ̀ pé kì í gba nǹkan láì dúnàá dúrà rẹ̀, bó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ pàápàá. Ó ní kí ìlà tí òun máa dúró sí wà níwájú ilé onígbàjámọ̀. Ọmọ ní níwájú ilẹ̀kùn òun. Ó ní kí wọ́n fi sí ibi òpó iná tó wà láàárín. Ọmọ ní níwájú ilẹ̀kùn òun. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n òjò ò gbọdọ̀ rọ̀ lọ́jọ́ náà, òun sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ búrẹ́dì gbígbóná kí òun tó gun òkè. Ọmọ gbà. Ó tún ní kí onígbàjámọ̀ má dúró síta máa rẹ́rìn-ín òun. Ọmọ ní ìyẹn kọjá agbára òun. Wọ́n wá fẹnu kò pé bàbá lè máa tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́yìnkùlé, kó sì máa dán an wò ní ojú títì tó tẹ́jú, ṣùgbọ́n òkè di èèwọ̀ títí di ọjọ́ ìdánwò.

Àkọ́bí ni wọ́n pè lórí fóònù fún àlàyé. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé ọ́ìlì ni ọ̀tá bíréèkì. Bàbá gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó bí ẹni tí wọ́n bú bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn tó fara balẹ̀ ló wá gbọ́ ìyókù: kó fi sípíríìtì fọ àwo méjèèjì, kó fi aṣọ tó mọ́ nù ún, kó má sì fi ìka lásán kàn án mọ́, nítorí pé ọwọ́ èèyàn fúnra rẹ̀ lọ́ràá. Ó ra sípíríìtì ní kẹ́míìsì, ó sì lọ wọ ìbọ̀wọ́ ilé búrẹ́dì. Ó fọ àwo náà títí tó fi ń rí eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ti eyín kẹ̀kẹ́ ló ṣòro. Àwọn páàdì náà ti mu ọ́ìlì yó, àkọ́bí sì ní kó jù wọ́n nù. Bàbá tó gbọ́ “jù ú nù” ò sí láyé yìí. Ẹnì kan ti sọ fún un rí pé iná máa ń yọ ọ́ìlì kúrò lára irin, ó bá kó wọn sínú páànù kékeré, ó tì wọ́n sínú ààrò ọmọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì ọ̀sán, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò tíì dé ìrọ̀lẹ́ tí oníbàárà kan fi gbé búrẹ́dì padà wá. Ó ní òun ò bínú o, ṣùgbọ́n búrẹ́dì òní ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Gbogbo búrẹ́dì ọjọ́ yẹn ló ṣòfò, páàdì ò sì gé nǹkan kan jẹ. Bàbá lọ ra tuntun láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún rọ̀ ọ́.

Páàdì tuntun náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Èèyàn kì í kàn fi sí i kó máa lọ. Ó gbọ́dọ̀ sáré díẹ̀, kó fún bíréèkì títí kẹ̀kẹ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, kó tún sáré, kó tún fún un, títí eyín àti àwo á fi mọra. Bàbá ń ṣe èyí ní ojú títì láràárọ̀: sáré, rọra, sáré, rọra. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì yọjú láti òkè ilé rẹ̀, ó bi í léèrè bóyá ó gbàgbé nǹkan sílé.

“Mi ò gbàgbé nǹkan kan,” Bàbá Ọlọ́ìlì ní. “Mo ń fi wọ́n mọ ara wọn ni.”

Síbẹ̀ wàhálà kan kù. Bíréèkì ẹ̀yìn ò ní okun. Bí bàbá bá fún un, ọwọ́ bíréèkì á rìn títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ á kàn máa fà bí ẹni tí kò fẹ́ lọ ọjà. Ó fa wáyà le bó ṣe máa ń fa òwú máṣíìnì le. Ó dára díẹ̀, ó tún dẹ̀. Ó tún fà á le. Bó ṣe ń fà á tó ni agbára rẹ̀ ń dín kù, títí apá kékeré tí wáyà máa ń fà lára ẹnu bíréèkì fi ti rìn jìnnà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan. Bàbá jókòó sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, sípánà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ojú tó máa ń ní nídìí fèrèsé. Ìgbà yẹn ni ọmọ rẹ̀ gbé búrẹ́dì àti tíì wá. Èrò ọkàn obìnrin náà tẹ́lẹ̀ ni pé kí kẹ̀kẹ́ padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun kí òun lè sinmi. Ó wá rí ojú yẹn, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó jókòó tì í.

“Bàbá, ṣé eyín méjèèjì ló ń rìn ni?”

“Rárá. Ti ìta ni wáyà ń tì. Ti inú jókòó sáyè rẹ̀ ní tirẹ̀.”

“Ẹni tó ń rìn nìkan lẹ wá ń bá wí látàárọ̀,” ó ní. “Ẹni tó jókòó yẹn ńkọ́? Kí ló dé tí òun ò lè sún mọ́ ọn?”

Bàbá gbé tíì sílẹ̀. Ó tẹ̀ba, ó yọjú sí abẹ́ ẹnu bíréèkì lápá inú, níbi tí nǹkan roboto kan wà tó ti rò láti ọjọ́ yìí pé wọ́n kàn fi ṣe ọ̀ṣọ́ ni. Ó tú wáyà, ó jẹ́ kí apá kékeré yẹn padà sílé rẹ̀ pátápátá, ó wá di wáyà padà láìfà á ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í yí nǹkan roboto náà díẹ̀díẹ̀. Eyín inú ń sún mọ́ àwo, ó ń sún mọ́ ọn, títí ó fi kù díẹ̀ kó kàn án. Ó tú bóòtù méjì tó de ẹnu náà mọ́ kẹ̀kẹ́, ó ní kí ọmọ rẹ̀ fún bíréèkì lókè, kó dì í mú gírígírí, kí ẹnu náà lè wá ibi tó tọ́ fúnra rẹ̀. Ọmọ dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ tí fúláwà kún. Bàbá de bóòtù méjèèjì padà, ó sì ní kó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Wọ́n yí wíìlì. Kò dún. Bàbá fi bébà funfun sẹ́yìn àwo, ó fẹ ojú, ó rí ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó rí irú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó fún bíréèkì, wíìlì dúró gbagidi. Ó wo ọmọ rẹ̀ tìyanu-tìyanu.

“Ìyá mi,” ó ní, “kí lò ń ṣe nídìí búrẹ́dì?”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ, inú rẹ̀ sì dùn pé bàbá yìí ló pa òun lẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ ìdánwò pé, òjò ò rọ̀. Bàbá jẹ búrẹ́dì gbígbóná rẹ̀, ó fọwọ́ nu ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti kẹ̀kẹ́ gòkè. Àdúgbò jáde. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì wà lójú fèrèsé rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó tún dúró níwájú rẹ̀, ó na apá méjèèjì, ó ní oníbàárà tó bá fẹ́ gé irun lónìí kó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ìyá Oníbúrẹ́dì bu fúláwà, ó fi fa ìlà funfun kan kọjá ojú títì níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìlà náà wọ́ díẹ̀.

Lókè lọ́hùn-ún, bàbá jókòó sórí kẹ̀kẹ́, ó sì jù ú sílẹ̀. Ó ń bọ̀. Ẹ̀wù rẹ̀ fẹ́ sẹ́yìn, òkúta ń ta lábẹ́ táyà, ó sì ń súfèé, arúgbó tí kò lójútì. Bó ṣe kọjá ibi tó ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré kù ni ọmọ rẹ̀ fi épírọ́ọ̀nù bo ojú. Ó gbọ́ táyà. Ó gbọ́ tí àwọn èèyàn mí kanlẹ̀. Ó wá gbọ́ ohùn kan tó jọ ìgbà téèyàn bá fa aṣọ tó le ya, ó kúrú, ó mọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ni kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ó ṣí ojú. Bàbá wà lórí kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lórí pẹ́dàlì, kẹ̀kẹ́ dúró ṣánṣán fún ìwọ̀n ìgbà téèyàn fi lè sọ pé “ó dúró”. Táyà iwájú ò kan ìlà.

“Kó fúláwà rẹ o, ìyá mi,” bàbá ní. “Mi ò bà á jẹ́, ó ṣì ṣeé fi po búrẹ́dì.”

Àdúgbò bú sáyọ̀. Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ sáré dé ibẹ̀, ó sì gbé bàbá tòun ti kẹ̀kẹ́ nílẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì fi kọ́kọ́rọ́ lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn, ó sì dì mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹ̀wù ọjọ́ náà kún fún fúláwà, bàbá ò sì jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́ títí ó fi wu òun fúnra rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tí bíréèkì rẹ̀ bá han tàbí tó dẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ilé búrẹ́dì ló ń gbé e lọ. Bàbá á kọ́kọ́ béèrè ẹni tó fọwọ́ kan àwo. Á yí wíìlì, á tẹ́tí sí i. Bí àwo bá tẹ̀ díẹ̀, á fi aṣọ mímọ́ dì í mú, á rọra tẹ̀ ẹ́ padà, á tún yí i. Ẹni tó ti fún gbogbo ayé ní ọ́ìlì mu wá di ẹni tó ń lé ọ́ìlì kiri. Bí ìyàwó onígbàjámọ̀ bá ń gbé ìgò òróró kọjá, bàbá á kó kẹ̀kẹ́ àwọn oníbàárà wọlé, á dúró kó kọjá tán kó tó kó wọn jáde. Orúkọ Bàbá Ọlọ́ìlì ò sì kúrò lára rẹ̀.

Dókítà eyín kan wà ní òpópónà kejì tó gbé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ wá, ó ní kò gbọ́ràn sí òun lẹ́nu mọ́. Bàbá yọ páàdì jáde. Wọ́n ti jẹ tán pátápátá, irin lásán ló ń ha irin. Bàbá gbé wọn síwájú dókítà lórí aṣọ funfun.

“Dókítà,” ó ní, “nígbà wo lẹ wo eyín yìí kẹ́yìn?”

Dókítà ní òun ò wò ó rí. Bàbá mi orí, ó kàánú, ó sì ní kó máa wá kí òun déédéé kó tó di pé ó ń ro ó. Àwọn méjèèjì di ọ̀rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí dókítà fi ń wá jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan.

Nígbà tó yá, orúnkún bàbá kọ̀ láti máa gun òkè. Ìyá Oníbúrẹ́dì ń dúró de ìgbà tí ojú tí bàbá máa ń ní nídìí fèrèsé máa padà, ẹ̀rù ń bà á, kò sì padà. Bàbá ní kẹ̀kẹ́ tí kò bá rìn á bàjẹ́, ó sì fa kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ pé kó máa fi kó búrẹ́dì fún àwọn oníbàárà òkè. Ó kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ́ ara rẹ̀, àyàfi ti ọ́ìlì. Láti ìgbà yẹn, bí ọmọ bá ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo, bàbá á wà lórí ibùsùn rẹ̀, á dá etí sílẹ̀. Á gbọ́ táyà, á gbọ́ bíréèkì, á gbọ́ tí kẹ̀kẹ́ dúró. Bó bá dúró dáadáa, á pè láti inú yàrá pé, “Ó dúró.” Bí kò bá dúró dáadáa, á ní kó lọ wo eyín inú. Lẹ́yìn èyí ló máa ń tó gbé orí lé ìrọ̀rí. Kì í sùn lọ́sàn-án bí ọmọ náà kò bá tíì dé.

Ó kú nírọ̀rùn, lórí ibùsùn yẹn, pẹ̀lú ojú ẹni tó ti dé ibi tó ń lọ. Àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn kún ilé. Onígbàjámọ̀ sọ ti àga, dókítà eyín sọ ti eyín, olùkọ́ sọ ti àràárọ̀ tí òun fi rò pé orí bàbá ti dàrú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ omi ẹ̀rín àti èyí tó jẹ́ omi ẹkún. Àkọ́bí béèrè ohun tí wọ́n máa fi kẹ̀kẹ́ ṣe. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní kí wọ́n má dá ara wọn láàmú lórí ìyẹn. Ó ní òun ti bẹ̀rù nígbà kan rí pé kẹ̀kẹ́ yẹn ló máa pa bàbá òun, kò sì sí ohun tó jẹ́ kí òun rí bàbá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe kẹ̀kẹ́ náà.

Nígbà tí àlejò lọ tán, tí iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, ó kó búrẹ́dì lọ sókè fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i lójú, ó rọra fún bíréèkì, kẹ̀kẹ́ sì dúró wẹ́rẹ́ níwájú ilẹ̀kùn. Ó fi ẹsẹ̀ kan balẹ̀, ó sì ń dúró láti gbọ́ ohùn nínú yàrá. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rántí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri lábẹ́ fèrèsé bàbá rẹ̀, ó sì gbé ẹnu sún mọ́ fèrèsé náà.

“Bàbá, mo ti dé o,” ó ní. “Ẹ máa sùn.”